Ẹni Tó Mọ Àjọ Kà, Á Mọ Gáàsì Kà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti mọ̀ pé olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, kò sí ilé ẹbí tí mo yà sí tí wọn kì í gbé ìwé ọmọ wá bá mi kí n tó mu omi tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, Abidjan ló ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Anoumabo, ní Marcory. Ọmọ Èjìgbò ló fẹ́, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò ti sọ Abidjan di ìlú kejì wọn láti ayé àwọn bàbá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin yóò ti gbọ́ orúkọ Anoumabo rí: níbẹ̀ ni àwọn Magic System ti dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní 2008, níbẹ̀ náà sì ni Papa Wemba ti ṣubú lórí ìtàgé ní oṣù kẹrin 2016 tí kò sì dìde mọ́. Ṣùgbọ́n abúlé àwọn Ébrié ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìlú ńlá tó gbòòrò yí i ká. Ilé fún mọ́ ilé, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ọ̀sà kò sì jìnnà.

Oṣù kẹfà ni mo débẹ̀, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya odò ọ̀run. Bí mo ti jókòó báyìí, àbúrò mi na ìwé kan sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín."

Ìwé ìdánwò kẹ́mísìrì ni. Bírò pupa ti kọ 4 nínú 20 sí orí rẹ̀. Ọmọ náà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ti sọ fún un," àbúrò mi ní, "bí sáà yìí bá parí, kó wá bá mi jókòó nídìí ọjà. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dá ìsọ̀ tirẹ̀ ní. Owó ilé ìwé kì í ṣe owó àfisòfò."

Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tó ń dá nìkan bọ́ ọmọ mẹ́ta ní ìlú onílùú, èèyàn kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kó tó mọ ìdí rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà wá jókòó tì mí, kó ka ìbéèrè tí ó kùnà jù fún mi.

Ìbéèrè náà rèé. Wọ́n bu gáàsì kan tí kò ní ju kábọ̀n àti háídírójìn lọ sínú ìkòkò irin tó dé pinpin. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i. Wọ́n mú ìkòkò náà gbóná dé 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí omi tó bá jáde lè wà ní ooru, kó má di omi ṣíṣàn. Gáàsì náà nìkan ń ti ara ìkòkò pẹ̀lú agbára tó jẹ́ mìlímítà mẹ́kúrì 20. Ti ọ́síjìn jẹ́ 200. Wọ́n ṣáná sí i, ó jó tán. Nígbà tí ìkòkò padà sí 150, àpapọ̀ agbára inú rẹ̀ ti di 250. Wọ́n fi iyọ̀ tó ń fa omi fa ooru omi kúrò, ó wálẹ̀ sí 150. Wọ́n fi omi sódà olóró fa kábọ̀n dàíọ́ksáìdì kúrò, ó kù 70. Wọ́n wá béèrè pé: kí ni fọ́múlà gáàsì yìí?

Ọmọ náà ti kọ C₄H₅ sílẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó kọ C₂H₅. Ó pa ìyẹn náà rẹ́, kò sì kọ nǹkan kan mọ́.

"Bàbá Ìbàdàn," ó ní, "agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ìkòkò, báwo ló ṣe lè sọ ohun tó wà nínú nǹkan? Bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, ó yé mi. Èyí kò yé mi."

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń há ìdáhùn sórí láìbéèrè é. Mo wo yàrá yíká, ojú mi bọ́ sórí ìwé àjọ ìyá rẹ̀ lórí tábìlì. Alájọ ni àbúrò mi láàárín àwọn obìnrin ọjà. 500 sefa ni olúkúlùkù ń dá lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó ń dá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń dá dín.

Mo bi ọmọ náà pé, "Bí mo bá gbé àpò àjọ òní fún ọ, tí owó inú rẹ̀ jẹ́ 15,000, ènìyàn mélòó ló dá?"

"Ọgbọ̀n ni, sà."

"Ṣé o rí wọn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o mọ ẹni tó sanra nínú wọn àti ẹni tó tín-ín-rín?"

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀: "Owó àjọ kò mọ sísanra. 500 ni 500."

Mo ní, "Ohun tí gáàsì ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Gáàsì jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye hóró kéékèèké, tí à ń pè ní mólékù, tí wọ́n ń sáré káàkiri, tí wọ́n ń forí sọ ara ìkòkò. Ìforísọ yẹn là ń pè ní ìfúnpá gáàsì. Bí ìkòkò bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ooru rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà, mólékù kọ̀ọ̀kan ń dá iye kan náà sínú ìfúnpá yẹn, ì báà tóbi, ì báà kéré. Èyí tó wúwo ń rìn díẹ̀díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ń sáré tete, ohun tí wọ́n ń dá sì dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìfúnpá ti ka iye mólékù, láìfojú rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Bí gáàsì bá pé mẹ́ta nínú ìkòkò kan ńkọ́? Mo bi àbúrò mi pé nínú 15,000 rẹ̀, èló ni ti àwọn ẹlẹ́ja? Ó ní 5,000. Ti àwọn aláṣọ? 7,000. Ti àwọn aláta? 3,000. Oníkálukú ń dá tirẹ̀ bí ẹni pé àwọn yòókù kò sí níbẹ̀, àpò sì ni àròpọ̀ gbogbo wọn. Ohun tí John Dalton, ọmọ ahunṣọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí nípa afẹ́fẹ́ ní 1801 nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, ìfúnpá rẹ̀ létí òkun jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà mẹ́kúrì 760. Nínú rẹ̀, náítírójìn dá nǹkan bíi 593, ọ́síjìn dá nǹkan bíi 159, àwọn kéékèèké yòókù pín ìyókù. Ìpín tí gáàsì kọ̀ọ̀kan dá là ń pè ní ìpín ìfúnpá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan ni òṣùwọ̀n ara ìkòkò ń fi hàn. Báwo la ṣe máa mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ojú rẹ̀ sì ń là bọ̀: "Kí a ní kí àwọn ẹlẹ́ja kó owó wọn jáde, ká wá wo iye tó fi dín."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ooru omi jáde, 250 di 150: 100 ni omi dá. Kábọ̀n dàíọ́ksáìdì jáde, 150 di 70: 80 ló dá. 70 tó ṣẹ́kù ni ọ́síjìn tí iná kò rí jó.

Mo ní kó máa bá a lọ. Ó ní, "80 sí 100, ìyẹn 4 sí 5. C₄H₅ ni mo kọ."

"Háídírójìn mélòó ló wà nínú omi kan?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Méjì ni. H₂O ni omi."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Kábọ̀n dàíọ́ksáìdì kọ̀ọ̀kan gbé kábọ̀n kan ṣoṣo dání, ṣùgbọ́n omi kọ̀ọ̀kan gbé háídírójìn méjì. Nítorí náà, 80 kábọ̀n wà fún 200 háídírójìn. Bí a bá dín in kù títí kò fi ṣeé dín mọ́, ó di 2 sí 5, ibẹ̀ ló ti rí C₂H₅.

Àṣìṣe kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. 2 sí 5 kò sọ iye, bí wọ́n ṣe tò síra wọn nìkan ló sọ. Bí mo bá sọ fún ọ pé nínú agbo ilé kan, ọkùnrin méjì ló wà fún obìnrin márùn-ún, o ò tíì mọ̀ bóyá ènìyàn 7 ni wọ́n tàbí 14. Ó di ìgbà tí o bá mọ iye ilé tí wọ́n ti jáde wá. Ìfúnpá gáàsì náà kí wọ́n tó ṣáná sí i ló sọ ìyẹn: 20 ni. Kábọ̀n 80 jáde láti ara 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4. Háídírójìn 200 jáde láti ara 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10. C₄H₁₀ ni fọ́múlà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí alájọ tòótọ́ ṣe máa ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọ́síjìn jẹ́ 200 níbẹ̀rẹ̀, 70 ló kù, 130 ló jó. 80 nínú rẹ̀ lọ sára kábọ̀n dàíọ́ksáìdì. Omi 100 gba ìdajì, ìyẹn 50, nítorí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn méjì ló so mọ́ra nínú gáàsì rẹ̀, omi kan kò sì gbà ju ẹyọ kan lọ. 80 àti 50 jẹ́ 130. Ìwé náà bára mu, kò sí ọ́síjìn kankan tó fara pamọ́ sínú gáàsì náà.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, òpè ni mí." Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ òpè, a jẹ́ pé òun àti Dalton jọ jẹ́ òpè ni. Dalton kan náà tó rí òfin yìí kọ fọ́múlà omi sí HO ní 1808: háídírójìn kan, ọ́síjìn kan. Ó rò pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, èyí tó rọrùn jù ni kí a mú. Lọ́dún yẹn náà ni Gay-Lussac ní Faransé fi hàn pé ìwọ̀n méjì háídírójìn ló ń bá ìwọ̀n kan ọ́síjìn lọ láti di omi. Dalton kò gbà á gbọ́. Ní 1811, Avogadro ará Ítálì ṣàlàyé ohun tí owó àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún wa yìí, pé gáàsì tó bá gba àyè kan náà ní ooru àti ìfúnpá kan náà, iye mólékù wọn dọ́gba. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà á sí. Ó di 1860, níbi ìpàdé ńlá kan ní Karlsruhe ní Jámánì, kí Cannizzaro tó mú kí wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ náà, Avogadro sì ti kú ní 1856. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tí ọmọ yìí kùnà ní wákàtí kan. Máàkì 4 kì í ṣe òpin ayé.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi pa iná, ó nu ọwọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí ìyá tó ń san owó ilé ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. "Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo gbọ́. C₄H₁₀ ni. Kí ló fẹ́ fi ṣe fún mi?"

Mo nawọ́ sí sílíńdà gáàsì tó fi ń dáná, èyí oníkílò 6 tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Mo ní, "Òun nìyẹn. Butane ni wọ́n ń pe C₄H₁₀, òun ló wà nínú sílíńdà rẹ."

Mo ní kí ọmọ náà ṣírò bó ti wúwo sí. Kábọ̀n jẹ́ 12, háídírójìn jẹ́ 1: 4 lọ́nà 12 jẹ́ 48, fi 10 kún un, ó jẹ́ 58. Mo sọ fún un pé ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 29. Ó ní, "Ìlọ́po méjì." Ó tún wo sílíńdà náà. Lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta sí, ọmọ náà sì ń sùn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó sì ní, "Màmá, bó bá jò, kò ní gòkè. Ilẹ̀ ló máa sùn sí. Ibi tí ọmọ sùn sí."

Àbúrò mi kò wí nǹkan kan. Ó gbé ọmọ náà pẹ̀lú ẹní rẹ̀, ó gbé e lọ sí òdìkejì yàrá. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìlẹ̀kùn tó ti tì nítorí òjò.

A wá jọ ṣírò ìyókù. Gáàsì náà bá afẹ́fẹ́ yàrá tó bíi 2 nínú 100 báyìí, iná ìṣáná kan ti tó láti mú kó bú. Ìpín ìfúnpá rẹ̀ nígbà yẹn kò ju mìlímítà mẹ́kúrì 15 lọ nínú 760. Kílò kan butane tó bá jò di nǹkan bíi lítà 420 gáàsì. Yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó ga ní mítà 2 àtààbọ̀, lítà 22,500 ni. Kílò kan tó tàn káàkiri rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 nínú 100. Nígbà tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń sùn sí, díẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti tó láti ba nǹkan jẹ́ nísàlẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà kejì. Gáàsì 20 jó ọ́síjìn 130, ìyẹn 6 àtààbọ̀ fún ẹyọ kan. Ọ́síjìn kò sì ju 21 lọ nínú 100 afẹ́fẹ́, nítorí náà ìwọ̀n gáàsì kan ń fẹ́ nǹkan bíi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 31 kó tó lè jó tán. Bí yàrá bá tì pa, tí ọ́síjìn ń dín kù, iná kì í jó dé òpin mọ́. Dípò kábọ̀n dàíọ́ksáìdì, kábọ̀n mónọ́ksáìdì ni yóò máa jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Èédú tí a gbé wọlé nítorí òjò tilẹ̀ léwu ju gáàsì lọ ní ti èyí. Orí fífọ́, òòyì àti oorun tí kò ṣeé ṣàlàyé nínú yàrá tí iná ti ń jó, ẹ má ṣe pè é ní àárẹ̀ lásán. Ẹ jáde síta.

Kí ẹ lè dán ara yín wò nílé, ẹ gba ìṣirò kan, lórí ìwé nìkan o. Ẹ má ṣáná sí ohunkóhun. Ọtí tó wà nínú ògógóró, èyí tí wọ́n ń pè ní koutoukou ní Abidjan, ẹ ní ooru rẹ̀ jẹ́ 20, ọ́síjìn jẹ́ 200. Lẹ́yìn ìjóná, àpapọ̀ jẹ́ 240. A yọ omi, ó di 180. A yọ kábọ̀n dàíọ́ksáìdì, ó di 140. Omi jẹ́ 60, kábọ̀n dàíọ́ksáìdì jẹ́ 40. Kábọ̀n 2, háídírójìn 6 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé wò: 40 àti 30 jẹ́ 70, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn tó jó kò ju 60 lọ. 10 tó kù, níbo ló ti wá? Inú ọtí fúnra rẹ̀ ni. 10 oní-méjì-méjì jẹ́ átọ́ọ̀mù 20, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 20 ní ẹyọ kan: C₂H₆O. Alájọ tó mọṣẹ́ máa ń rí owó tó gba ẹ̀yìn wọlé.

Kí n tó padà sí Ìbàdàn, àbúrò mi pè mí sẹ́yìn. Ó ní ọmọ náà yóò máa lọ sí ilé ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, òun ni yóò máa bá òun kọ ìwé àjọ ní alaalẹ́. Mo ní kò burú, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ìdánwò tó tẹ̀lé e, 13 nínú 20 ló gbà. Kò tíì tó ohun tí mo fẹ́, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ohun tí mo bẹ̀ yín fún lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ gbé sílíńdà gáàsì jìnnà sí ibi tí ọmọ ń sùn, síta tó bá ṣeé ṣe. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi pa ìdí rọ́bà àti ẹnu sílíńdà. Níbi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, òórùn burúkú yẹn ni wọ́n fi sí i kí ẹ lè tètè mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì, ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu, ẹ kó ọmọ jáde. Bí ọmọ yín bá sì mú 4 nínú 20 wálé, ẹ béèrè ohun tí kò yé e lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bá a wí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.